Bí Láyíwọlá Ṣe Ná Ìbọn Ọkọ Helen

Ta ni kò tíì gbọ́ nípa ọjọ́ tí Olúdọ̀tun Láyíwọlá lọ ná ìbọn ní Houston? Gbogbo ọmọ Yorùbá tó gbé àdúgbò Fondren Southwest nígbà náà ló ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àwọn tí kò sì sí níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí òun ṣe ń sọ ọ́.

Ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ni, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ tẹrú tọmọ. Helen, opó òyìnbó tó ń gbé apartment tó kọjú sí tiwọn, ti fi ìbọn ìléwọ́ ọkọ rẹ̀ dógò ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ìbọn àtijọ́ ni, bàbá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ín. Kí ó tó rówó kó jọ, ọjọ́ ti kọjá, wọ́n ti gbé ìbọn sínú gíláàsì, wọ́n sì ti lẹ irínwó dọ́là mọ́ ọn. Igba ó lé àádọ́ta ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ Helen. Ó sunkún wá bá Láyíwọlá, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ka iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà sí nǹkan kan.

"Ìkíni lásán ni," ló máa ń wí. "Tí wọ́n bá kí èèyàn, ṣé kò ní dáhùn ni?"

Enjíníà ni o, ó kàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n kò di ìbọn mú rí láyé rẹ̀. Àkùkọ ọdún Kérésì gan-an, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a pa á.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Helen jókòó sínú mọ́tò. Ó ní ojú rẹ̀ ti fi hàn jù pé ó fẹ́ràn ọjà náà, ọlọ́jà tó bá rí irú ojú bẹ́ẹ̀ á fowó lé e ni. Òun àti Ọmọ́níkẹ́ wọlé. Francis tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé ìbọn sílẹ̀, Láyíwọlá sì fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìbọn náà. Ó ní ara rẹ̀ ti ń bó, ó ní igi ìdí rẹ̀ ti sán, ó ní ibi tí ọta ń gbé tó máa ń yí yẹn ń mì bí eyín àgbà. Ó béèrè bóyá ọta wà nínú rẹ̀, Francis ní rárá.

"Ẹ wá ń ta òfìfo ní iye ẹ̀kún."

Francis fi sùúrù ṣàlàyé pé ògbó rẹ̀ gan-an ló mú un wọ́n, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Láyíwọlá wò ó títí. "Ohun tó bá ti gbó ló ń wọ́n níbí? Ó dáa, ẹ wá ra èmi."

Ó dá ọgọ́rùn-ún dọ́là lé e. Francis kọ̀. Láyíwọlá bá rẹ́rìn-ín, ó dágbére, ó yí padà.

Ọmọ́níkẹ́ mọ ìrìn yẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ó dúró tún fìlà ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà, bàtà rẹ̀ ò sì ní okùn. Lọ́jà ilé, kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọlọ́jà á fi ní kó padà wá mú un bẹ́ẹ̀. Francis ò pe ẹnì kankan. Wọ́n dé inú mọ́tò, Láyíwọlá ò ṣíná. Ó yí gíláàsì sílẹ̀. Helen béèrè láti ẹ̀yìn pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

"Wọ́n á pè wá," ni Láyíwọlá wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ooru Houston nínú oṣù kẹjọ, ẹ bá Ọmọ́níkẹ́ kẹ́dùn. Pọ́dà ojú rẹ̀ ti di omi. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n padà wọlé lọ bẹ̀bẹ̀. Láyíwọlá ní ẹni tó bá padà láìjẹ́ pé wọ́n pè é, iye tí ọlọ́jà bá fẹ́ ló máa san. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọwọ́ ọkọ ìyá yìí kàn nìyẹn. A ò ní fi sílẹ̀ lọ."

Ìgbà tó yá, Francis jáde. Wáyà tí wọ́n fi ń ta bátìrì jí ló mú lọ́wọ́, ó rò pé mọ́tò wọn ni kò ṣíná.

"Ṣé o rí i?" ni Láyíwọlá sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ó ti pè wá."

Ó fi Helen han Francis níbi tó ti ń làágùn lẹ́yìn. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìyá yín ló jókòó síbẹ̀ yẹn, èló ni ìbọn náà?"

Francis fọwọ́ họrí. Kò tíì fèsì tí Helen fi na gbogbo owó rẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Francis wo owó, ó wo Helen, ó gbà á. Ìbọn padà sílé. Láyíwọlá sì ń ráhùn títí wọ́n fi délé pé ká ní Helen lè mú sùúrù díẹ̀ ni, igba géérégé làwọn ì bá san.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ná dókítà eyín, ó ní eyín tó ti ń mì tẹ́lẹ̀ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Missouri City, ó ra ilẹ̀ ibojì sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù, torí òun ò ní tètè kó wọlé. Wọ́n dín in. Àdéhùn yẹn nìkan ni kò mú ṣẹ, torí kí ọdún náà tó parí, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró.

Francis wá síbi ìsìnkú. Helen náà wá. Nígbà tí àwọn ará ìjọ kọrin tán, oníkálùkù ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ kúrò lẹ́bàá ibojì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó dúró tún gèlè ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí bàtà tí kò lókùn. Ó wọ mọ́tò, kò ṣíná, ó sì yí gíláàsì sílẹ̀.

Helen tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

"Wọ́n á pè wá," ni Ọmọ́níkẹ́ wí.

 Helen náà yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.