Aràrá Kejìlá Tí A Kò Rí Dà

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kó aràrá jọ. Kì í ṣe ènìyàn kúkurú tí à ń bá pàdé ní ìgboro ni mò ń wí. Àwọn aràrá inú ìtàn ni, àwọn tí wọ́n ń gbé inú òkè, tí wọ́n ń wa wúrà, tí irùngbọ̀n wọn kan orúnkún. Èmi a yà wọ́n sórí tákàdá, ẹni tó mọ iṣẹ́ a sì fi òjé dà wọ́n fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ní ju àtàǹpàkò lọ. Mo ní aràrá alágbẹ̀dẹ, mo ní onífìlà abetí-ajá, mo ní èyí tó ń sùn lórí àpò ìrẹsì. Nínú yàrá ìkàwé mi ní Sùúrùlérè, wọ́n ti gba pẹpẹ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ìwé mi, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Bí mo bá gbé tuntun wọlé, ìyàwó mi a wò mí láti òkè délẹ̀, a ní, "Ẹ tún ti bí òmíràn? Ọkùnrin ni àbí ọkùnrin?"

Mushin ni ẹni tó ń bá mi dà wọ́n wà, nínú ilé kan náà tí bàbá rẹ̀ ti ń da ìkòkò. Mo fi ọdún mẹ́wàá dàgbà jù ú lọ, síbẹ̀ Ọ̀gá ni mò ń pè é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbẹ́ aràrá náà lára igi líle, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ P.O.P., ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, apá iwájú lọ́tọ̀, apá ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Mọ́ọ̀dù nìyẹn. Tí mọ́ọ̀dù bá gbẹ, a lè da òjé yíyọ́ sínú rẹ̀. Tí kò bá gbẹ, bí omi tó kù ti wù kó kéré tó, òjé yóò bú jáde sójú ẹni tó ń dà á.

Ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ pé ó gbẹ kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Ibòòji ló máa ń gbé e sí, kì í ṣe oòrùn. Bó bá ṣe díẹ̀, á gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Bó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo máa ń kán an lójú, òun a sì fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ka ọjọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mò ń bi." Ní gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò tàn án jẹ rí.

A ń ṣe ìgbìmọ̀ àgbà aràrá méjìlá nígbà náà. Mọ́kànlá ti parí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ sí ilé ìwé ń bọ̀ láti òkè òkun. Òun náà ń kó aràrá jọ, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti ń bá ara wa díje. Mo fẹ́ kó bá wọn ní pípé. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, òrùlé ṣọ́ọ̀bù Mushin sì ń jò. Ọ̀gá ní kí n gbé mọ́ọ̀dù kejìlá lọ sílé mi, kí n gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. "Kì í ṣe oòrùn o, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìdí iná."

Ó ku ọ̀la kí àlejò mi dé nígbà tí oòrùn yọjú láàárọ̀. Mo gbé mọ́ọ̀dù náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, ọkọ̀ dúdú, fún wákàtí méjì. Mo fi táwẹ̀lì wé e, mo sì wakọ̀ lọ sí Mushin. Ọ̀gá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Hẹn-ẹn! Ilé yín mà gbẹ o. Ẹ jẹ́ kí n kó wá síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá da òjé yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù náà.

Ìró tí òjé náà dá kò ju ti epo gbígbóná tí omi ta sí lọ. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ọkọ̀ dúdú yẹn náà la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú náà kò ríran mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi dé, ó yin mọ́kànlá, mo sì sọ fún un pé ìkejìlá ń bọ̀ lọ́nà.

Fún ọdún méjì gbáko ni mo ń lọ kí Ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tèmi tọsàn. Kò da òjé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ohun kan náà ló ń sọ fún un: "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ti darúgbó." Mo ń gbọ́ ọ, mo ń bó ọsàn.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ ọwọ́ wá bá a. "Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò. Ṣé ara rẹ̀ ò gbóná jù?" Ọ̀gá fa orí sẹ́yìn. "Gbé e tọ ìyá rẹ lọ. Èmi ò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo sọ ọ́.

"Ọ̀gá, mo sá mọ́ọ̀dù yẹn sí oòrùn. Orí ọkọ̀ ni mo gbé e sí. Ìta rẹ̀ ló gbóná, inú rẹ̀ kò tíì gbẹ."

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Ẹ sì ń wò mí nígbà tí mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Mò ń wò yín."

Ọ̀gá yí ojú òsì sí mi. "Ti ojú, mo ti fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ọdún méjì ni mò ń bi yín ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe. Àwọn oníbàárà wá, mo dá wọn padà. Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ iṣẹ́ bàbá mi mọ́. Ẹ jókòó sórí àga yìí, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń jẹ ọsàn."

Mo ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n máa lọ sílé. Kò pariwo, kò sì yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà tó fi tún gbé ìkòkò òjé kaná. Ó ń lo awò ojú báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yaba sì ń gbé àwòrán wá bá a. Èmi náà ya kejìlá tuntun, mo fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú lẹ́tà. Wọ́n dá a padà bí mo ṣe dì í.