Àgọ́ Wa Létí Omi Tí Kò Ṣàn

Òórùn àgọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àgọ́ aláwọ̀ ewé ni, ọ̀kan nínú àwọn tí òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jọ ń wa bọ́ọ̀sì ló yá wa, ó sì ti pẹ́ nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ tí a tú u sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú fúláàtì wọn ní Peckham, ká lè mọ̀ bóyá ó pé, òórùn rọ́bà àti ti aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ gba gbogbo pálọ̀, ó bo òórùn àlùbọ́sà tí mo ń dín lórí iná mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìró bo imú nítorí oyún tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín. Bí o bá mọ bí ilé yẹn ṣe máa ń dákẹ́ tó nígbà náà, wàá mọ ìdí tí mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tí mò ń wò ó.

Kì í ṣe oyún àkọ́kọ́. Àwọn tó ti wá ṣáájú kò dúró, gbogbo wọn ló bọ́ lára rẹ̀ kí ikùn tó yọ dáadáa, wọn ò sì rí ìdí kan pàtó sọ fún un ní ọsibítù. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kí n máa gbálẹ̀, kí n máa gbé ohun tó bá wúwo, kí ẹ̀gbọ́n mi lè sinmi. Oyún yìí ti kọjá ibi tí àwọn yòókù dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n gbà pé ìgbàgbọ́ ni kéèyàn ti máa pe ohun tí kò tíì rí. Ó máa ń dáhùn. Ohùn rẹ̀ kàn máa ń kéré díẹ̀ tó bá ń dáhùn ni.

Ìyá Àdúrà ló ní ká lọ sódò. Àgbàlagbà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń gbàdúrà fún àwọn aboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ń ṣe é nílé kí wọ́n tó wá sí London. Ohun tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe kò le: kó ra kànìnkànìn tuntun àti ọṣẹ tuntun, kó bọ́ sínú odò ní ìdájí, kó wẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kó wá ju kànìnkànìn náà sómi lẹ́yìn, kó má sì bojú wẹ̀yìn wo ibi tó gbà. Odò á gbé e lọ. Ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ á bá a lọ. Mo ti rí i rí nílé, létí odò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa níbẹ̀. Kí obìnrin tó wẹ̀ náà tó gun òkè dé ibi tí aṣọ rẹ̀ wà, kànìnkànìn á ti yí kọ̀rọ̀, á ti lọ. Àmọ́ ní Peckham, níbo lèèyàn fẹ́ ti ṣe é? Arábìnrin kan gbìyànjú rẹ̀ ní Thames rí. Àwọn ọlọ́pàá rò pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ ni, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n ń bi í bóyá ó ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀. "Mo ní Jésù," ló ní òun sọ fún wọn, wọ́n bá tún dá a dúró pẹ́ sí i.

Bọ̀dá mi, bí mo ṣe ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ní ká kúkú lọ pàgọ́ sẹ́yìn London bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń ṣe nígbà ooru. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sáàárín àwa méjèèjì, ó ń fi fóònù hàn wá. Irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀kan wà lórí pápá gbalasa, koríko nìkan, ó lọ títí ojú ò fi tó o mọ́, kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀, kálukú ló sì máa gbé omi tirẹ̀ dání. Òmíràn ní ilé pákó kéékèèké téèyàn lè sùn sí. Èyí tó kù wà létí omi kan tó fẹ̀ bí ọ̀sà, pẹ̀lú balùwẹ̀ àti ibi téèyàn ti lè fọ abọ́.

"Pápá yìí ni ì bá dáa," Bọ̀dá mi ní. "Kò sí aládùúgbò. Ìyá Àdúrà lè pariwo Halelúyà bó bá ṣe wù wọ́n."

"Kí la fẹ́ fi pápá ṣe?" ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Omi ni kí ẹ bá wa wò, ẹ̀yin náà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a gbé fóònù lọ bá Ìyá Àdúrà. Wọ́n ti gíláàsì wọn sókè orí, wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, wọ́n wò ó títí. "Omi yìí tóbi," wọ́n ní. "Ibẹ̀ náà ni." Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí omi náà ń lọ. Níbi tí gbogbo wa ti wá, omi tó bá tóbi tó yẹn ń lọ síbì kan ni, èèyàn kì í bèèrè rẹ̀ bí kì í ti í bèèrè bóyá iná gbóná.

A dé ibẹ̀ ní ọ̀sán tó mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn òyìnbó ti pàgọ́ tiwọn káàkiri orí koríko, ajá ń sáré, ẹnì kan ń dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀, òórùn rẹ̀ ń wá bá wa nínú ààwẹ̀ tí a gbà. Omi náà wà nísàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Bọ̀dá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń na àgọ́. Ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó tẹ̀, ó tú u, ó tún un kì. Ìyá Àdúrà jókòó sórí àga tó ṣeé ká, wọ́n da aṣọ funfun wọn bo orúnkún.

"Ogójì ọdún ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi gbé inú àgọ́," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ò tíì lè na ẹyọ kan."

"Màmá, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ò lo ọ̀pá onírọ́bà."

"Ẹ bi àbúrò yín yẹn, ó ti ń wò yín látàárọ̀, ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mo ti wo àwòrán tó wà lára àpò náà, ojú ló ń tì mí. Mo bá a fi ọ̀pá náà bọ ihò tó yẹ, àgọ́ sì dìde. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọbìnrin òyìnbó kékeré kan wá dúró níwájú wa, ó wo aṣọ àdúrà wa, ó wo ẹsẹ̀ wa, nítorí a kì í wọ bàtà sí aṣọ náà. Ó bèèrè bóyá ìyàwó tuntun ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé àdúrà la wá gbà. "Bàtà yín wá dà?" ọmọ náà bèèrè, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á lórí, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan náà lé ikùn ara rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Mi ò tíì rí ìrọ̀lẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ìdájí la sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Ìkùukùu bo ojú rẹ̀, òkúta wẹẹrẹ ń gún wa lẹ́sẹ̀, òtútù rẹ̀ sì dé eyín. Ìyá Àdúrà lu agogo kékeré ọwọ́ wọn jẹ́jẹ́, wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́ ohùn kí wọ́n má bàa jí àwọn tó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n mi wọ omi títí ó fi dé orúnkún rẹ̀. Ó wẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó rẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ó fi kànìnkànìn fọ apá, àyà, ikùn. Ó fara balẹ̀ púpọ̀ níbi ikùn. Ó wá kọjú sí wa, ó di ojú rẹ̀ pa, ó sì ju kànìnkànìn náà gba orí èjìká sẹ́yìn.

"Ó ti lọ!" Ìyá Àdúrà ní. "Lórúkọ Jésù, ó ti lọ!"

Kò lọ. Ó léfòó níbi tó bọ́ sí. Èmi àti Bọ̀dá mi jọ ń wò ó. Atẹ́gùn díẹ̀ wá láti òdìkejì, ó sì ń tì í bọ̀ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú fóòmù ọṣẹ tó ṣì wà lára rẹ̀, títí tó fi dé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Bó ṣe kàn án lẹ́sẹ̀ ni mo rí i tí ojú rẹ̀ là.

"Jù ú jìnnà sí i, Ìyá Ìbejì!" Ìyá Àdúrà ké. "Fi agbára sí i!"

Ó jù ú. Ó padà. Bọ̀dá mi mú igi kan, ó wọ omi tòun ti ṣòkòtò, ó ń ti kànìnkànìn náà síwájú bí ẹni ń lé ewúrẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ sí i. "Lọ, jọ̀ọ́. Máa lọ." Bó bá ti gbé igi kúrò, á tún padà.

Ibẹ̀ ni obìnrin òyìnbó tó ń bójú tó ibi náà bá wa. Kò pariwo. Ó ní wọn kì í wẹ̀ níbẹ̀, omi mímu ni, ó sì nawọ́ sí òkè koríko gígùn kan lápá ọ̀nà jíjìn. Ògiri ni, ó ní. Wọ́n sé omi náà mọ́ ibẹ̀ ni, kò lọ síbì kankan, àfi ìgbà tí wọ́n bá fi páìpù fà á lọ sínú ilé àwọn èèyàn. Ó wá rí ikùn ẹ̀gbọ́n mi, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un. Bọ̀dá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àdúrà, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

"Ọlọ́run tó ni odò náà ló ni èyí tí wọ́n sé," wọ́n ní. Wọn ò sọ ọ́ sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ wo fóònù yẹn. Odò gidi á wà lójú ọ̀nà ilé. A ṣì máa bá ìdájí ọ̀la."

"Rárá, Màmá," ẹ̀gbọ́n mi ní.

"Ṣé kò rẹ̀ yín? Ẹ sinmi ná, ká tún—"

"Ó kàn mí lẹ́sẹ̀, Màmá. Mo ti ní kó lọ, ó ní òun ò lọ."

Bọ̀dá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní àṣìṣe òun ni, òun ni òun ṣi ibẹ̀ yàn. "Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn, pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà téèyàn ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó fún omi kànìnkànìn náà dànù, ó fi í sínú ọ̀rá, ó gòkè lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní. Nínú mọ́tò, Ìyá Àdúrà ń gbàdúrà títí wọ́n fi sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí àpò tó wà lórí itan rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Peckham, kò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀.

Oyún náà ṣì wà nígbà náà, èyí ni mo fẹ́ kó yé ọ. Ọmọ náà ń yí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wò ó ní ọsibítù ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó kó àwọn aṣọ kéékèèké tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fún un fún ẹlòmíràn tó fẹ́ bímọ. Ó padà sí ṣíìfùtì rẹ̀ ní ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá mi bá a sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ náà wá sú u. Kí ooru tó tán, oyún náà wálẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó gbé e dání díẹ̀ ní ọsibítù. Ọmọkùnrin ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n mú ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá hàn.

Mi ò gbà pé kànìnkànìn ló pa á. Ká ní a tiẹ̀ rí odò tó ń sáré bí ẹṣin, ó ṣeé ṣe kí oyún náà wálẹ̀ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ṣáájú. Wọn ò tíì bí òmíràn, wọn ò sì sọ ọ́ mọ́ nínú ilé. Mo ti jáwọ́ nínú sísọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé yóò dára, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí omi yẹn gbà lọ́wọ́ wọn gan-an ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà ṣì wà láàyè, tí ó yẹ kí wọ́n fi máa yọ̀ mọ́ ọn. Kò sí ohun mìíràn tí ọmọ náà ní láyé ju àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn lọ. Ìyẹn ni mo máa ń rò tí mo bá ń dá nìkan fọṣọ tàbí tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì.

Àmọ́ ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ṣì ń retí rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò lẹ́nu irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó bá sùn sí lórí àga, mo máa ń kí ọmọ náà nínú mi, mo máa ń sọ fún un ohun tí mo sè. Bí wọ́n bá bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ẹnikẹ́ni retí ọmọ yẹn títí dé òpin, mo lè dáhùn láìpurọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan retí rẹ̀.