Bí Àwa Ọmọbìnrin Festac Ṣe La Igbó Já

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í gbélé, Festac ni mo rò pé ayé ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo rò pé ó parí sí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bí ogún ọdún ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n ní Èkó, ogún ọdún ti tó sọ èèyàn di àgbà.

Ní ìjọ wa nígbà náà, àwọn ọmọkùnrin máa ń lọ pàgọ́ sínú igbó lọ́nà Bádágìrì lọ́dọọdún. Wọn á dé, wọn á máa fọ́nnu bí ẹni tó ti ogun dé. Àwa ọmọbìnrin kàn ń gbọ́ ìròyìn ni. Lọ́dún kan, àǹtí tó ń darí ẹgbẹ́ wa dìde níwájú àwọn àgbà ìjọ, ó ní àwa náà fẹ́ lọ. Wọ́n jiyàn títí. Níkẹyìn, bàbá tó jẹ́ alága wọn ní òun gbà, ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin kan bá ṣìnà lọ́jọ́ ìrìn igbó, tàbí tí oòrùn bá wọ̀ ká tó padà sí àgọ́, àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn wa nìyẹn. Kò pariwo. Ó rọra sọ ọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Àǹtí wa kò fi wá ṣeré. Ní gbogbo Sátidé, a ó gbé ẹrù pọ̀n, a ó fẹsẹ̀ rìn láti Apple Junction dé Trade Fair, a ó tún rìn padà. Àwọn kọndọ́ á máa bi wá bóyá owó ọkọ̀ ni kò sí. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ pé bàtà tuntun kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀ lọ sígbó. Èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ ni kí o wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gìgísẹ̀ rẹ á bó, wàá sì máa tiro lẹ́yìn ẹgbẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Satellite Town bá wa tọrọ tapólì àlòkù lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó ń wa tánkà. A fọ̀ ọ́ títí, òórùn epo kò tán lára rẹ̀, òun náà la fi ṣe àgọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ti gba ibi tó tẹ́jú rẹrẹ. Àwa wá ibi tó ga díẹ̀. Ta ló máa gbé Amuwo, àgbègbè wa tí àgbàrá kì í fi lọ́rùn sílẹ̀, tí kò ní mọ ibi tí omi ń gbà? A gbẹ́ ojú àgbàrá yí àgọ́ ká, a so oúnjẹ kọ́ sórí igi kí ìjàlọ má bàa bá wa sùn, a sì di ìṣáná sínú ọ̀rá. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Kí n má pẹ́ ẹ lọ títí, àwọn ọkùnrin wa jí sínú odò.

Ọjọ́ kejì ni ìrìn igbó. Àgbẹ̀ kan láti abúlé tó wà nítòsí ló máa mú gbogbo wa dé etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti so aṣọ pupa mọ́ igi àgbọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ya díẹ̀ lára aṣọ náà, àgbẹ̀ á bá tirẹ̀ lọ, a ó sì máa wá ọ̀nà padà fúnra wa. Nítorí náà, bí a ti ń lọ, àwọn ọkùnrin ń fi ewé tútù sílẹ̀ ní gbogbo oríta. Èmi tí wọ́n fi ṣe olórí nítorí ẹnu mi, mo ní ká fún igbó náà ní orúkọ àdúgbò wa.

Ẹni tó bá mọ Festac mọ̀ pé áfẹ́núù ni ọ̀nà ńlá, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n: Fọ́ọ̀sì ni àkọ́kọ́, Sẹ́kọ́ọ̀ǹdì ni ìkejì, Tọ́ọ̀dù ni ìkẹta. Kúlóòsì ni ọ̀nà kékeré tó dí nípẹ̀kun. Ibi tó o bá gbà wọlé lo máa gbà jáde. Oríta tí ọ̀pẹ wíwọ́ wà di Fọ́ọ̀sì Áfẹ́núù. Ibi tí ikán mọ ilé gàgàrà sí di Sẹ́kọ́ọ̀ǹdì, ibi òkúta dúdú di Tọ́ọ̀dù. Ọ̀nà tí àgbẹ̀ bá sọ pé inú àbàtà ló parí sí, kúlóòsì ni. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, mo ní kí gbogbo wa yíjú padà wo ẹ̀yìn, nítorí ojú tí ọ̀nà ń kọ sí ẹni tó ń lọ kọ́ ló ń kọ sí ẹni tó ń bọ̀.

“Ṣé ẹ fẹ́ ra lándì níbẹ̀ ni?” Olórí àwọn ọmọkùnrin ló bi wá bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ti ya aṣọ pupa tán ni wọ́n sáré lọ. Àwa ń rọra bọ̀, à ń mu omi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé oríta àkọ́kọ́, ewé kankan kò sí nílẹ̀ mọ́. Àwọn ewúrẹ́ abúlé ti fi jẹun ọ̀sán! Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àyà tèmi náà já, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ọkùnrin.

“Níbo la wà?” ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wo òkúta dúdú náà. “Tọ́ọ̀dù Áfẹ́núù!”

Ara wa yá. Àfi bí a ṣe gbọ́ ariwo lápá òsì. Àwọn ọkùnrin ti wọ kúlóòsì. Oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ká máa lọ, pé bí a bá dúró, ilẹ̀ á ṣú, ọ̀rọ̀ bàbá á sì ṣẹ mọ́ wa lára. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá wa ni wọ́n, báwo la ṣe fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀? Mo ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé lọ bá wọn, torí ẹni tó ń wá ẹni tó sọnù lè sọnù pẹ̀lú. A dúró sójú kan, a ń fọn fèrè tí àǹtí wa fún wa. Ó pẹ́. Wọ́n tẹ̀ lé ìró fèrè náà jáde, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, ẹnu wọn sì wọlẹ̀.

Ni a bá ki eré mọ́lẹ̀! Sẹ́kọ́ọ̀ǹdì, Fọ́ọ̀sì, ibùdó. Oòrùn ṣì wà lórí igi nígbà tí a fi orin wọlé, àwọn ọkùnrin ń tọ̀ wá lẹ́yìn. Bàbá alága, tó ti ń dúró dè wá ní àgọ́, kà wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi olórí wọn pé kí ló dé tí ẹ̀yìn ló wà.

“Bàbá, ẹ má bínú, a ṣìnà ni. Àwọn sístà yìí ló mú wa jáde.”

Bàbá ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọkùnrin lọ pọnmi, kí wọ́n sì dáná fún àwa. Mo jó lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Lọ́dún kejì, kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a máa lọ. Ìgbà tí a máa gbéra ni wọ́n ń bi wá.

Ayé ti yí. Ilé ti hù sí púpọ̀ nínú igbó yẹn, fóònù ló sì ń júwe ọ̀nà fún yín, títí bátìrì á fi kú. Ọmọ mi obìnrin ló ń darí ẹgbẹ́ àwọn tó ń pàgọ́ nílé ìwé rẹ̀ báyìí, tọkùnrin tobìnrin. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó ní, “Màmá, kí ló fà á tí wọn ò fẹ́ kí ẹ lọ tẹ́lẹ̀?” Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, kò yé e. Inú mi dùn gan-an pé kò yé e.