Àárọ̀ Tí Mo Mú Àgbà Lọ Sọ Owó Iṣẹ́ Mi

Mo rántí ìgbà tí owó ọṣẹ ń dẹ́rù bà mí ju ikú lọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024, nílùú Igbó-Ọrà. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, eruku pupa sì bo gbogbo nǹkan láti orí òrùlé dé orí ewé mángòrò. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí owó epo bẹntiróò ti fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohun gbogbo tí ọkọ̀ ń gbé sì tẹ̀lé e lọ sókè. Ní àsìkò náà mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mi ò ríṣẹ́, mo sì ń tún ilé onílé ṣe láti jẹun. Mi ò ní ọ̀gá, mi ò ní ọmọọṣẹ́. Ọṣẹ, oògùn apakòkòrò, aṣọ ìnulẹ̀, ìgbálẹ̀ àti owó ọ̀kadà, àpò ara mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, iye kan ni mo bá àwọn onílé ṣàdéhùn, owó ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo dá. Ohun tí ó wá túmọ̀ sí ni pé bí ọṣẹ bá ti ń gbówó lórí ni èrè mi ń joro, títí ó fi kù díẹ̀ kí n máa sanwó fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó gbà mí láyè láti fọ ilẹ̀ wọn. Obìnrin tí ń ta ọṣẹ fún mi lọ́jà kì í tún dárúkọ iye lásán mọ́. Yóò kọ́kọ́ wò mí lójú, yóò ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o," kí ó tó sọ ọ́. Ó dé ibi pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kí n má bínú, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, ìbáà ṣe pé ó kàn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni.

Ilé tí owó rẹ̀ tó láti gbé mi ró ni ilé Màmá Nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ náà sì ni mo ti bẹ̀rù jù láti la ẹnu. Agbẹ̀bí ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ènìyàn kò lè rìn jìnnà ní àdúgbò náà kí ó má pàdé Táíwò tàbí Kẹ́hìndé kan tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ó kọ́kọ́ gbà á sáyé. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ènìyàn wí, wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á máa wo ojú ẹni náà bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ tuntun bóyá ó ń mí dáadáa. Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé, nítorí pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo máa ń wá ni wọ́n máa ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ìwé ẹ̀rí mi. Àwọn ilé méjì yòókù tí mo ń fọ̀, torí pé wọ́n gbọ́ pé Màmá Nọ́ọ̀sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ṣe gbà mí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Màmá gbà á padà, iṣẹ́ ti tán nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní ìdíkọ̀ ọlọ́kadà wa láàárọ̀ ti dé ọjà kí oòrùn tó kanrí.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ní yunifásítì, mo ti kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan nípa bí owó ọjà ṣe ń ṣe àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàràpá láyé àtijọ́, olùkọ́ mi sì yìn mí pé mo ní àròjinlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ kún owó mi," kò ṣeé sọ. Mo máa ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe Màmá Nọ́ọ̀sì. Màá gbé e kalẹ̀ láàrin yàrá mi, màá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, màá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ epo, ọ̀rọ̀ dọ́là àti ọ̀rọ̀ ọ̀kadà fún un. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kò kọ̀ fún mi rí. Bí mo bá wá dé iwájú Màmá gan-an, tí wọ́n bi mí pé, "Ṣé kò sí?" màá ní, "Kò sí o, mà. Ó dàbọ̀." Màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, màá sì lọ.

Ìyá onílé mi, tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn, ni ó gbọ́ tí mo ń bá bọ́kẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Láfún ni wọ́n ń tà, wọ́n sì gbà pé kò sí ohun tí àwọn kò mọ̀ nípa owó.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí," wọ́n ní, "ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí nǹkan bá wọ́n, èmi kì í fi kún owó. Ìdí kóńgò mi ni mo máa ń lù wọnú díẹ̀. Kóńgò ṣì ni kóńgò. Ìwọ náà, dín in kù."

"Kí ni n óò dín kù, mà? Ilẹ̀?"

"Má fọ abẹ́ àga."

"Abẹ́ àga ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò."

"A jẹ́ pé o ti wọ gàù nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ojú wọn yí padà. "Gbọ́, kì í ṣe ìwọ ni ó yẹ kí o dá irú ọ̀rọ̀ yìí sọ. Wọ́n á ní o ya aláfojúdi. Èmi ni màá bá ọ sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ká tètè lọ, kí wọ́n tó jáde nílé."

Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa dáadáa ti rí àṣìṣe tí a fẹ́ ṣe. Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọdé bá mú àgbà lẹ́yìn lọ sí ilé àgbà mìíràn ní kùtù, tí àwọn méjèèjì sì kúnlẹ̀, ohun kan ni ó sábà máa ń túmọ̀ sí: ọmọ náà ti ṣẹ̀, wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìyá onílé mi ti bá àìmọye ọmọ bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rántí nínú àwa méjèèjì. Ìbẹ̀rù owó ti gba gbogbo àyè.

A bá Màmá Nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orín wà lẹ́nu wọn, ìborùn wà ní èjìká wọn. Mo kúnlẹ̀. Ìyá onílé kúnlẹ̀ tẹ̀lé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ wọn lára.

"Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni a wá bẹ̀ o. Ọmọ yín yìí ni. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò lè dá a sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò ó."

Màmá yọ orín lẹ́nu. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Ṣé aago yẹn ni?" wọ́n ní.

Kò sí ẹni tí ó mọ aago tí wọ́n ń sọ nínú wa.

"Ẹ dìde," Màmá ní, ohùn wọn rọ̀. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo ní bí mo bá dákẹ́, yóò dá a padà sáyè rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti mú àgbà wá, ó tán. Mo ti forí jì í."

Nígbà náà ni ó yé mi. Wọ́n ní aago kékeré kan, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi píìnì há mọ́ àyà, tí wọ́n fi ń ka èémí àwọn ọmọ tuntun. Ẹ̀gbẹ́ dígí ìwojú inú yàrá wọn ni ó máa ń wà. Mo ti nu eruku yí i ká lọ́pọ̀ ìgbà. Mo wá inú ọkàn mi títí, mi ò lè rántí ìgbà tí mo rí aago náà kẹ́yìn. Èyí ni ó dẹ́rù bà mí jù.

"Mi ò mú un, mà."

"Mo ní mo ti forí jì ọ́."

"Mi ò mú un, Màmá."

"Áà!" Ìyá onílé fi ọwọ́ lé orí. "Màmá, owó ọṣẹ ni a bá wá o! Ọṣẹ ti wọ́n, ọ̀kadà ti wọ́n, pé kí ẹ bá wa fi díẹ̀ kún owó rẹ̀ ni a wá sọ!"

Òótọ́ pátápátá ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ òótọ́ tí ó bọ́ sí àkókò burúkú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ojú Màmá, mo ti di ẹni tí ó jalè tán, tí ó wá mú ẹlẹ́rìí wá láti gba àfikún owó.

"Ẹ wá kúnlẹ̀ fún mi ní kùtù yìí nítorí ọṣẹ?"

"Bí a bá dúró sọ ọ́, ṣé ẹ ò ní pè wá ní aláfojúdi ni?"

Màmá fi orín padà sẹ́nu, wọ́n tún yọ ọ́. "Èló ni?"

Mo dárúkọ iye kan tí ó kéré sí èyí tí mo sọ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò burú. Wọn kò ná an rárá. Màmá tí wọ́n máa ń ná ewé ẹ̀fọ́ títí ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò fi bẹ̀ wọ́n! Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti bí oṣù mélòó kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, ẹ̀rù sì bà mí ju ìgbà tí mi ò tíì ní in lọ.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá aago náà. Mo fa ibùsùn kúrò lára ògiri, mo gbọn ẹní, mo fi ìka tú eruku tí mo gbá jọ wò. Níbi tí mo ti dojúbolẹ̀ lábẹ́ ibùsùn ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí mi kedere: bí mo bá rí aago náà, wọ́n á ní èmi ni mo dá a padà, bí mi ò bá sì rí i, èmi náà ni mo mú un lọ. Mo dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá gbàdúrà fún. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Fi sílẹ̀," wọ́n ní. "Fọ ilẹ̀ rẹ."

Nígbà tí mo padà délé, Ìyá onílé ń dúró dè mí. Wọ́n búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lẹ́nu àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n o ò mú un ṣá?"

Fún ìgbà pípẹ́, n kò lè gba ọjà kọjá láìfarabalẹ̀ gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí mi. Bí ẹnìkan bá kí mi ní ṣókí, màá rò pé ó ti gbọ́. Bí ó bá kí mi pẹ́, màá rò pé ó ń wádìí. Bí mo bá ti fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn Màmá, màá dúró ná, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Wọn kò sì bèèrè kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi rí.

Ohun kan ni ó yí padà. Màmá kò lọ sí ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ajé mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ mi ni mo ṣì fi ń wọlé. Wọ́n á fa àga kan wá sínú yàrá tí mo bá ń fọ̀, wọ́n á jókòó tì mí, bí mo bá sì kúrò níbẹ̀, wọ́n á fa àga náà tẹ̀lé mi. Wọ́n á máa sọ ìtàn ìbejì tí èyí àbúrò fi ẹsẹ̀ wáyé, àti ti ìyá tí ó bímọ sórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Láńlátẹ̀ tí ọlọ́kadà náà sì fẹ́ gba owó ẹni méjì. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé ọwọ́ mi méjèèjì wà níbi tí wọ́n ti lè rí i. Kí n tó lọ, wọ́n á bi mí pé, "Èló ni wọ́n ń ta ọṣẹ báyìí?" Bí ó bá ti lọ sókè, wọ́n á fi kún owó mi fúnra wọn. Mi ò tún kúnlẹ̀ nítorí owó mọ́ títí mo fi kúrò nídìí iṣẹ́ náà.

Mo ti di olùkọ́ báyìí, ní Ẹrúwà. Màmá Nọ́ọ̀sì lọ bá ọmọ wọn obìnrin gbé ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti papòdà. Nígbà tí ọmọ náà wá kó ẹrù ilé, mo lọ bá a kẹ́dùn, mo sì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo bi í léèrè aago àyà. Ó ní òun náà ti wá a. Ó ní ìyá òun ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n á fi bàtà sínú àpótí, wọ́n á fi gíláàsì ojú sábẹ́ ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. A jọ ṣí gbogbo àpótí tí ó kù. Kò sí nínú wọn.

Aago náà kò tíì hàn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bóyá Màmá ń ṣọ́ mi lórí àga yẹn ni, bóyá wọ́n kàn ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀ ni, n kò mọ̀.