Ọjọ́ tí mo tú ọ́ìlì gíà mọ́tò Dádì

Ní gbogbo Ìgándó, kò sẹ́ni tó mọ mọ́tò tó èmi, ọmọ tó sá kúrò ní súkúù, tó tún sá kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mi ò lè gbàgbé Sátidé tí mo ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kí Dádì tó wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Barúwà. Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ibi tí ọ́ìlì àtijọ́ ń gbà jáde, ọ́ìlì dúdú tú yàà sí mi lẹ́nu. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń jó ijó ayọ̀! Àṣé nọ́ọ̀tì òkè, ibi tí wọ́n ń gbà da tuntun sí i, ò ní yí. Mo lù ú, mo bẹ̀ ẹ́, mo pè é ní bọ̀dá.

Dádì yọ nínú sùtánà funfun. "Ṣó ti parí?"

"Ẹ má bínú, sà. Èyí tó jáde ti jáde. Èyí tó máa wọlé ni ò rọ́nà."

"Lọ wẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn."