Obìnrin Tá A Jọ Ń Jiyàn

Sùtánà ni mò ń rán fáwọn ọmọ ìjọ ní Òkòkómáíkò. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, táwọn ọmọ sì ti lọ, kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi ní Ìbà, àfi àwọn tá a jọ ń ka ìtàn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìtàn náà máa ń jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Ká kà á tán, ká wá máa jiyàn lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í gbà fún mi láé. Tí mo bá ní kí ìyàwó inú ìtàn kó ẹrù ẹ̀ jáde, á ní ta ló máa bá a tọ́mọ. Àwòrán adìẹ ló fi síbi tó yẹ kójú ẹ̀ wà, ni mo bá ń pè é ní Ìyá Aládìẹ. Òun náà ń pè mí ní Ìyá Oníjà.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀wé sí mi lábẹ́ ìtàn náà: "Ìyá Oníjà, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ bá mi gbàdúrà o." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí dókítà bá mi gé agídí yẹn kúrò pẹ̀lú ẹ̀.

Nígbà tó di Ìṣẹ́gun, ìtàn ò ṣí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Sanwó oṣooṣù kí o lè máa kà á lọ." Ta ni wọ́n ń pè ní "o"? Inú bí mi, mo ní kí wọ́n máa jẹ ìtàn wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ranrí. Ìtàn ò dùn mí, obìnrin yẹn ni ọkàn mi ò kúrò lára ẹ̀. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo fi káàdì mi sanwó.

Apá mẹ́ta ìtàn náà ti jáde lẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan lábẹ́ wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá Aládìẹ, ṣé ẹ ti délé?" Ọjọ́ márùn-ún kọjá, kò sí èsì. Bóyá kò rówó san ni, bóyá kò tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo tò sórí ìlà lọ́dọ̀ ìyá tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní, "Ta ni ká kọ, Màmá?"

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni." Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo gbọ́, mà. Kí lorúkọ wọn?"

Yàtọ̀ sí Ìyá Aládìẹ, mi ò mọ orúkọ kankan tó ń jẹ́. Ìyá tó ń kọ orúkọ ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn mi bọ́ síwájú.