Ọwọ́ Òsì Níwájú Àgbà

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Okokomaiko. Nígbà yẹn ni owó epo ń ya wọ ìlú, tí wọ́n ń la títì Badagry, tí èéfín ọ̀dà gbígbóná sì ń wọlé bá wa nínú ṣẹ́ẹ̀dì páànù tí a ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ́nà Ìbà. Ṣójà kan tó ti ogun dé ló ń kọ́ wa. Kóòṣì la máa ń pè wọ́n, ẹnu wọn kò sì dùn rárá.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbà fún Ọlọ́run. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì. Bí a bá ń jẹun, wọ́n á fi àkísà so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀yìn, títí ọ̀tún fi kọ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Kóòṣì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ nà mí nílé lè wúlò.

"Má dúró síwájú èèyàn kó o máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ o, á fọ́ ẹ lẹ́nu," Kóòṣì á ní. "Bí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún bá ti ń lọ, jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá a lọ síwájú, kí òsì wà lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀. Ibi tó bá ti ń ṣọ́ ọ̀tún, òsì á ti bá a."

Mo ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára. Ṣé o mọ bó ṣe ń dùn tó, kí ọwọ́ tí wọ́n ti dè láti kékeré wá di ọwọ́ tí èèyàn ń sá fún?

Pápá kan ní Ọ̀jọ́ ni a ti ja ìjà àṣekágbá. Ẹni tó bá borí ni wọ́n máa mú lọ sókè òkun láti ṣojú ìpínlẹ̀ wa, kò sì sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé. Àwọn àgbà ìlú jókòó níwájú, wọ́n sì fún bàbá mi náà ní àga láàárín wọn. Ọmọ Ẹ̀gùn kan tó ga ni wọ́n fi dojú kọ mí. Ní ráúndì kẹta, mo ju ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún bá a lọ, ọmọ náà sì fẹ̀yìn ti okùn tó yí wa ká, níbi tí àwọn àgbà wà gan-an. Àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo na òsì.

"Ọwọ́ òsì lò ń nà sójú àwọn bàbá yìí? Sọ ọ́ kalẹ̀!"

Ohùn bàbá mi ni. Ọwọ́ náà gbọ́ kí èmi tó gbọ́, ó sì wálẹ̀. Ojú ọ̀run ni mo rí tẹ̀ lé e, tí rẹfirí ń kà lé mi lórí.

Kóòṣì ń tú ìbọ̀wọ́ mi, wọn ò wojú mi. "Ta ló pe bàbá ẹ wá?" Èmi ni mo pè wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé ta ni mò ń júwe? Ìjà ni mò ń jà!

Inú bàbá mi dùn délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń fi mí han àwọn àlejò: "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ rèé. Nínú ìjà, ó gbọ́ ohùn mi." Ọmọ Ẹ̀gùn yẹn wọ ọkọ̀ òfurufú lọ.

Bàbá mi ti kú, mo sì sin wọ́n bó ṣe yẹ. Inú mi kò tíì rọ̀. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú kúrò lọ́kàn, èyí tó kù ló ń jẹ mí lára: ní gbogbo ayé bàbá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yìn mí, ọjọ́ tí mo ṣubú sì ni.